Iye Àpilẹ̀kọ Kọ́ Ni Ìwòsàn Àrùn Jẹjẹrẹ

Ní àkókò tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn, lẹ́tà kan dé orí tábìlì mi láti ọ́fíìsì agbẹnusọ yunifásítì kan. Lẹ́tà náà sọ pé ọ̀kan nínú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wọn, ẹni tó ń ṣe ìwádìí lórí àrùn jẹjẹrẹ, ti kọ àpilẹ̀kọ tó lé ní ọgọ́rùn-ún sínú àwọn jọ́nà ilẹ̀ òkèèrè. Wọ́n fi àwòrán rẹ̀ kún un, pẹ̀lú ẹ̀wù oyè àti fìlà. Mo gbé ìròyìn náà jáde bí wọ́n ṣe kọ ọ́, mo kàn fi àkọlé ńlá dé e lórí ni. Ní ọjọ́ kejì, obìnrin kan pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ má bínú pé mo dí yín lọ́wọ́. Kókó kan wà ní ọmú àbúrò mi obìnrin. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni wọ́n rí nínú ìwádìí wọn tó lè ràn wá lọ́wọ́?"

N kò ní èsì. N kò ka ẹyọ kan ṣoṣo nínú àwọn àpilẹ̀kọ tí mo polówó. N kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ọmú ni ọ̀jọ̀gbọ́n náà ń ṣèwádìí lé lórí tàbí ti ẹ̀dọ̀. Iye ni mo mọ̀, iye náà ni mo sì fún àwọn ará ìlú. Mo ní kí ó mú àbúrò rẹ̀ lọ sí ilé-ìwòsàn ńlá. Ó dúpẹ́, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyìí, ìtìjú ìpè náà kò tíì kúrò lára mi.

Mo rántí rẹ̀ lọ́dọọdún nígbà tí àkójọ orúkọ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń pè ní "ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún tó lókè jù lágbàáyé" bá jáde. John Ioannidis ti Yunifásítì Stanford àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe àkójọ náà, láti inú àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ Elsevier. Iye ìgbà tí àwọn òǹkọ̀wé mìíràn tọ́ka sí iṣẹ́ ènìyàn ni òṣùwọ̀n rẹ̀ dúró lé lórí. Bí ó bá ti jáde, àwọn yunifásítì wa á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, àwọn akọ̀ròyìn á sì máa lu ìlù fún wọn. N kò bínú sí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wọlé. Ohun tí mo ń bínú sí ni pé a kì í béèrè ìbéèrè tí obìnrin yẹn bi mí.

Mo fẹ́ sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú: iye àpilẹ̀kọ tí onímọ̀ nípa àrùn jẹjẹrẹ kọ kì í ṣe ipa tí iṣẹ́ rẹ̀ ní. Àpilẹ̀kọ jẹ́ ẹ̀rí tí onímọ̀ ń jẹ́ nípa iṣẹ́ ara rẹ̀. Ipa iṣẹ́ náà jẹ́ ẹ̀rí tí àwọn ẹlòmíràn ń jẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tún iṣẹ́ náà ṣe tí wọ́n sì bá a bẹ́ẹ̀, àti ẹ̀rí tí aláìsàn ń jẹ́ nígbà tí ó bá dìde lórí ibùsùn. Ẹni tó bá fi ìkínní rọ́pò ìkejì ń tan ara rẹ̀ jẹ, ó sì ń tan aláìsàn jẹ.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ Áfíríkà níbí. Denis Burkitt jẹ́ oníṣẹ́-abẹ ọmọ ilẹ̀ Ireland, ojú kan ṣoṣo ni ó sì fi ń ríran nítorí jàǹbá tó ṣe é ní kékeré. Ní ọdún 1957, ní ilé-ìwòsàn Mulago ní Kampala, dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Hugh Trowell, pè é kí ó wá wo ọmọkùnrin kan tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú lọ́tùn-ún àti lósì, lókè àti nísàlẹ̀. Burkitt kò mọ ohun tí ó jẹ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ó tún rí ọmọ mìíràn ní ìlú Jinja, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tirẹ̀ náà wú bákan náà. Ó padà lọ tú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn wò, ó sì rí i pé àìsàn kan ṣoṣo ni àwọn dókítà ti ń fún ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní 1958, ó kọ àpilẹ̀kọ kan nípa rẹ̀ sínú British Journal of Surgery. Àwọn ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ kọbi ara sí i.

Ká ní irú ìgbìmọ̀ ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ tí a ní lónìí ló jókòó lórí ọ̀rọ̀ Burkitt ní ọdún 1960 ni, kí ni wọn ì bá sọ? Wọn ì bá ní àpilẹ̀kọ rẹ̀ kò pọ̀ tó, wọn ì bá ní àwọn tó tọ́ka sí i kò tó nǹkan. Wọn ì bá ní kí ó lọ fi ọdún mẹ́ta sí i kún un. Kàkà kí Burkitt jókòó máa gé àbọ̀ ìwádìí kan sí wẹ́wẹ́ kí ó lè di mẹ́fà, ó ra ọkọ̀ àlòkù kan. Ní 1961, òun àti dókítà méjì, Ted Williams àti Cliff Nelson, wọ inú ọkọ̀ náà, wọ́n sì rin ìrìn-àjò tó tó 10,000 máìlì láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, láti Uganda lọ sí ìhà gúúsù Áfíríkà. Wọ́n ń yà ní ilé-ìwòsàn kéékèèké lójú ọ̀nà, wọ́n ń fi àwòrán han àwọn dókítà ibẹ̀, wọ́n ń béèrè bóyá wọ́n ti rí irú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun tí wọ́n mú bọ̀ ni pé àrùn náà kì í sí níbi tí òtútù bá ti mú tàbí tí òjò kò ti tó. Ibi tí ooru àti òjò bá pọ̀ sí, tí ibà ẹ̀fọn sì ń jà, ibẹ̀ ni ó wà. Agbègbè náà dé ọ̀dọ̀ tiwa: fún ọ̀pọ̀ ọdún, àrùn yìí, tí wọ́n wá ń fi orúkọ Burkitt pè, ni jẹjẹrẹ tí wọ́n ń rí jù lára àwọn ọmọdé ní UCH Ìbàdàn.

Ní oṣù kẹta ọdún 1961 kan náà, Burkitt sọ̀rọ̀ nípa àrùn náà ní ilé-ìwòsàn Middlesex ní Lọ́ńdọ̀nù. Anthony Epstein wà lára àwọn tó jókòó gbọ́ ọ. Ó bẹ Burkitt pé kí ó máa fi èékún ẹran ara àwọn ọmọ náà ránṣẹ́ sí òun nínú ọkọ̀ òfuurufú. Fún ọdún méjì ó lé, kò rí nǹkan kan. Nígbà tí ọdún 1963 ń parí lọ, kùrukùru mú kí ọkọ̀ òfuurufú kan yà sí Manchester, ẹran ara inú rẹ̀ sì pẹ́ kí ó tó dé Lọ́ńdọ̀nù. Omi tí wọ́n fi sí ti dàrú, ó fẹ́ jọ ohun tó ti bàjẹ́. Epstein kò dà á nù. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì bá a pé àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà ṣì wà láàyè, wọ́n ń léfòó. Láti ara irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ni òun, Bert Achong àti Yvonne Barr ti rí fáírọ́ọ̀sì tí ayé ń pè ní Epstein-Barr, wọ́n sì kéde rẹ̀ nínú Lancet ní 1964. Òun ni fáírọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tí a rí pé ó ní ọwọ́ nínú jẹjẹrẹ ọmọ ènìyàn. Burkitt fúnra rẹ̀ tún fi oògùn tọ́jú àwọn ọmọ náà ní Kampala, díẹ̀ nínú wọn sì yè pátápátá, ní ìgbà tí ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé oògùn nìkan kò lè wo jẹjẹrẹ sàn. Àpilẹ̀kọ tí wọn kò kọbi ara sí ni gbogbo èyí ti ṣẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí á wo ìdàkejì rẹ̀. Anil Potti ní ohun gbogbo tí àwọn tó ń ka iye ń fẹ́. Ní 2006, ní Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àpilẹ̀kọ jáde nínú Nature Medicine àti New England Journal of Medicine, jọ́nà tí gbogbo onímọ̀ ń forí balẹ̀ fún. Wọ́n ní àwọn lè wo àbùdá inú kókó jẹjẹrẹ kí àwọn sì mọ oògùn tí yóò ṣiṣẹ́ fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Àwọn onímọ̀ mìíràn tọ́ka sí iṣẹ́ náà ní àtọ́kàtúntọ́ka. Nígbà tí yóò fi di 2007, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọgbọ́n náà dán oògùn wò lára àwọn aláìsàn gidi.

Onímọ̀ ìṣirò méjì ní ilé-ìwòsàn MD Anderson ní Houston, Keith Baggerly àti Kevin Coombes, gbìyànjú láti tún iṣẹ́ náà ṣe. Kò ṣe é ṣe. Wọ́n bá a pé orúkọ àwọn àbùdá kan ti yẹ̀ ní ìlà kan, tí ti òkè fi bọ́ sí ti ìsàlẹ̀. Wọ́n tún bá a pé ní àwọn ibì kan, ohun tí oògùn ń ràn ni wọ́n kọ bí ohun tí oògùn kì í ràn, tí wọ́n sì kọ ìkejì bí ìkínní. Ìyẹn ni pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa yan oògùn tí kò ní ṣiṣẹ́ fún ẹni tí ikú ń lé. Wọ́n kọ̀wé, wọ́n pariwo, nígbà tó sì di 2009, inú jọ́nà àwọn onímọ̀ ìṣirò ni wọ́n ti rí àyè tẹ àwárí wọn jáde. Duke dá ìdánwò náà dúró fún ìgbà díẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà ní 2010.

Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tó dá a dúró níkẹyìn? Ní oṣù keje ọdún 2010, ìwé ìròyìn kékeré kan tí ń jẹ́ The Cancer Letter kọ ọ́ pé Potti ti purọ́ nínú àkọsílẹ̀ ara rẹ̀ pé òun gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ Rhodes. Akọ̀ròyìn ló tú u. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Potti fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ọdún náà tó parí. Wọ́n fa àpilẹ̀kọ rẹ̀ tó tó mẹ́wàá padà. Ní 2015, ọ́fíìsì ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó òdodo nínú ìwádìí kéde pé ó hu ìwà èrú. Òun kò gbà, kò sì sẹ́.

Ẹni tó bá ní títọ́ka sí iṣẹ́ ènìyàn ni ẹ̀rí pé iṣẹ́ náà dára, kí ó dá mi lóhùn: gbogbo àwọn tó tọ́ka sí Potti, mélòó ló yẹ iṣẹ́ náà wò? Títọ́ka kì í ṣe àyẹ̀wò. Ẹni tó dárúkọ ọbẹ̀ kò tíì tọ́ ọ wò.

Ẹ má sì rò pé Potti nìkan ni. Ní 2012, Glenn Begley, ẹni tó ti jẹ́ olórí ìwádìí jẹjẹrẹ ní ilé-iṣẹ́ oògùn Amgen, àti Lee Ellis kọ ọ́ sínú Nature pé àwọn onímọ̀ Amgen gbìyànjú láti tún ìwádìí 53 ṣe, ìwádìí tí gbogbo ayé ń pè ní mánigbàgbé nínú ìmọ̀ jẹjẹrẹ. Mẹ́fà péré ló rí bí wọ́n ṣe kọ ọ́. N kò sọ pé èrú ni 47 yòókù. Ohun tí mo ń sọ ni pé gbogbo 53 ni òǹkà ti kà gẹ́gẹ́ bí àṣeyọrí, àwọn tó kọ wọ́n sì ti fi gba ìgbéga.

Ibo tilẹ̀ ni òṣùwọ̀n wọ̀nyí ti wá? Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì ní California, ló gbé h-index kalẹ̀ ní 2005. Bí onímọ̀ kan bá ní àpilẹ̀kọ 20, tí wọ́n tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìgbà 20 ó kéré tán, h-index rẹ̀ jẹ́ 20. Kò sí ibi tí ó ti béèrè bóyá àwọn àpilẹ̀kọ náà jẹ́ òtítọ́. Ní ti impact factor, ìyẹn òṣùwọ̀n jọ́nà, jọ́nà ẹgbẹ́ American Cancer Society tí ń jẹ́ CA ni ó ti wà lókè téńté fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí ló gbé e débẹ̀? Lọ́dọọdún ni ó ń tẹ àkójọ iye àwọn tí jẹjẹrẹ mú àti iye àwọn tí ó pa ní Amẹ́ríkà jáde, ẹnikẹ́ni tó bá sì ń kọ̀wé lórí jẹjẹrẹ á tọ́ka sí i nínú ìlà àkọ́kọ́. Àkójọ náà wúlò, ṣùgbọ́n kò sọ ọgbọ́n ẹni tó bá tẹ àpilẹ̀kọ mìíràn sínú jọ́nà kan náà di ńlá.

Èyí tó yẹ kó dun àwa ará Áfíríkà jù ni ti ọdún 2013. Akọ̀ròyìn sáyẹ́ǹsì kan, John Bohannon, jókòó, ó sì hun irọ́: àpilẹ̀kọ kan tó ní òun rí oògùn jẹjẹrẹ lára ohun tí wọ́n ń pè ní lichen. Ó fi àṣìṣe tó hàn gbangba sínú rẹ̀. Ó fi orúkọ tó dà bí ti ará Áfíríkà sí i, pẹ̀lú ilé-ẹ̀kọ́ Áfíríkà tí kò sí níbì kankan. Ó fi ránṣẹ́ sí jọ́nà 304 tó ń gba owó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Àwọn 157 ló gbà á. Nínú òǹkà àwọn ìgbìmọ̀ wa, ẹni tí kò sí láyé yẹn ì bá ti di ọ̀jọ̀gbọ́n lórí oògùn tí kò sí.

Mo ti gbọ́ èsì tí àwọn olùkọ́ yunifásítì máa ń fọ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní bí a bá mú iye kúrò, àwọn alágbára á máa gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn àti ọmọ ìlú wọn ga, pé iye kì í ṣe ojúsàájú. Èsì yìí kì í ṣe èsì òmùgọ̀. Mo mọ ibi tí ó ti ń ta wọ́n. Ṣùgbọ́n ṣé iye lé ojúsàájú lọ? Ẹni mélòó ló ń kọ orúkọ ara wọn sínú iṣẹ́ tí wọn kò fọwọ́ kàn, tí ọ̀rẹ́ ń fi orúkọ ọ̀rẹ́ sí i kí òun náà lè rí ti òun gbà lọ́la? Ojúsàájú wà níbẹ̀ síbẹ̀, ó kàn wọ aṣọ ìṣirò ni.

Ọ̀nà mìíràn wà, àwọn kan sì ti ń tọ̀ ọ́. Ní 2010, àjọ DFG, tó ń fi owó ran ìwádìí lọ́wọ́ ní Jámánì, sọ fún àwọn tó ń tọrọ owó pé kí wọ́n má ṣe to àpilẹ̀kọ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Márùn-ún péré ni kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi sílẹ̀, èyí tó dá a lójú jù, kí àwọn adájọ́ lè rí àyè kà á. Ní 2012, àwọn olóòtú jọ́nà àti àwọn onímọ̀ kan pàdé ní San Francisco, wọ́n sì kọ ìpolongo kan tí wọ́n ń pè ní DORA: pé kí a má ṣe fi òṣùwọ̀n jọ́nà díwọ̀n ọgbọ́n ẹni tó kọ̀wé sínú rẹ̀. Ohun tí àwọn méjèèjì ń sọ kò le: ẹ ka iṣẹ́ náà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé mo ń tako ìwé kíkọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade, ẹni tó kàwé jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1980, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Chicago, ti kọ àpilẹ̀kọ tó pọ̀ jọjọ. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn MacArthur ní 2005. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí iye wọn ni mo ṣe ń dárúkọ rẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀ ni: kí ló dé tí jẹjẹrẹ ọmú fi ń tètè mú àwọn obìnrin wa, tí ó sì ń le koko lára wọn? Ní 2018, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn àti ní òkè òkun gbé èsì jáde láti ara obìnrin Nàìjíríà 1,136 tó ní jẹjẹrẹ ọmú àti 997 tí kò ní in. Wọ́n rí i pé nínú obìnrin mẹ́jọ tó ní àrùn náà, ẹnì kan jogún àléébù àbùdá tó fà á, BRCA1 àti BRCA2 sì ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi ṣe nǹkan nìyẹn. Ó túmọ̀ sí pé bí jẹjẹrẹ ọmú bá mú obìnrin kan ní kékeré, ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àbúrò rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ní láti bá dókítà sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó rí kókó kankan. Bí àyẹ̀wò náà bá wọ́n ju agbára mẹ̀kúnnù lọ, ìjọba ló yẹ kí a dojú ìjà kọ. A kò sì lè ja ìjà náà bí àwa akọ̀ròyìn kò bá sọ ohun tó wà nínú ìwádìí fún ará ìlú. Bákan náà ni ìwé àkọsílẹ̀ àwọn alárùn jẹjẹrẹ tó wà ní Ìbàdàn láti 1960: àwọn tó ń kọ orúkọ, ọjọ́ orí àti irú jẹjẹrẹ aláìsàn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kì í sí nínú àkójọ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Síbẹ̀, láìsí irú iṣẹ́ wọn, onímọ̀ ńlá kan kò ní rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, mo ń rọ ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìròyìn. Bí lẹ́tà agbẹnusọ yunifásítì bá tún dé pẹ̀lú àwòrán ẹ̀wù oyè, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta kí ẹ tó tẹ ọ̀rọ̀ kan jáde. Kí ni ọ̀jọ̀gbọ́n yìí rí, ní gbólóhùn kan tí ìyá arúgbó lè gbọ́ yé? Ta ni ẹlòmíràn tó tún iṣẹ́ náà ṣe tó sì bá a bẹ́ẹ̀? Kí ló ti yí padà nínú bí a ṣe ń dènà àrùn náà tàbí bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀? Bí ìwádìí náà kò bá tíì dé ọ̀dọ̀ aláìsàn, kò burú. Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ gidi máa ń pẹ́ lọ́nà. Mary-Claire King bẹ̀rẹ̀ sí í wá àbùdá jẹjẹrẹ ọmú ní 1974, 1990 ni ó tó fi hàn ibi tí BRCA1 wà. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè dáhùn ìbéèrè kìíní kò ní ìròyìn, òǹkà ni ó ní.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìgbéga náà, ẹ ní kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan mú mẹ́ta nínú iṣẹ́ rẹ̀ wá, kí ẹ sì jókòó kà wọ́n. Ẹ fi máàkì fún ẹni tó yẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn wò tó sì bá àṣìṣe nínú rẹ̀, nítorí Baggerly àti Coombes ló dá ààbò bo àwọn aláìsàn Duke, òǹkà kọ́.

N kò mọ ibi tí obìnrin tó pè mí lọ́jọ́ yẹn wà, n kò sì mọ bí ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ ṣe já sí. Bí ó bá pè mí lónìí, mo mọ ohun tí n ó sọ. N ó ní kí wọ́n má ṣe dúró de ọ̀la, kí dókítà yẹ kókó náà wò, kí òun tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n náà sì lọ fún àyẹ̀wò tirẹ̀, nítorí ìwádìí tí wọ́n ṣe lára àwọn obìnrin tiwa ti fi hàn pé àrùn náà lè jẹ́ ti ìdílé. Èsì yẹn ló tọ́ sí i. Iye àpilẹ̀kọ ni mo fún un.